Ọjọ́ Márùn-ún ní Àbújá Pẹ̀lú Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ọjọ́bọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí èmi àti Màmá fi dé gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kubwa, l'Ábújá, ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ní ọdún ń gorí ọdún tí àwọn ti ń bẹ Màmá pé kí wọ́n wá wo ibi tí àwọn ń gbé, pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn kò ní gba àwáwí kankan. Wọ́n tún fi kún un pé tó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn yóò mú wa lọ jẹ “brunch” ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan ní Wuse 2, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Mẹ́síkò.

Nínú ọkọ̀ ni Màmá ti bi mí pé kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀ ni, pé nígbà tí àárọ̀ bá ti kọjá tí ọ̀sán kò sì tíì pọ́n, wọ́n á pa oúnjẹ méjèèjì pọ̀ ṣe ọ̀kan.

“Oúnjẹ ẹni tó jí pẹ́ nìyẹn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ìborùn wọn bo etí.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́, torí àwọn gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Ọdún 36 ni wọ́n fi gbé igbá ẹ̀kọ lọ sí Ọjà-Ọba, kí orúnkún tó ní ó tó. Owó ẹ̀kọ ló rán ẹ̀gbọ́n mi dé yunifásítì, òun náà ló rán èmi. Bí wọ́n bá ki ọwọ́ bọ àpò àgbàdo, tí wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu tí wọ́n fi eyín gé e, wọ́n á sọ fún ọ bóyá ògì rẹ̀ yóò dì dáadáa tàbí yóò ṣomi. Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò sì tíì sọ fún wọn: ilẹ̀ Mẹ́síkò yìí gan-an ni àgbàdo ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn, àwọn ènìyàn tó ń gbé ní àfonífojì odò Balsas, ní gúúsù Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú koríko kan tí à ń pè ní teosinte. Ẹyọ díẹ̀ ló ń so, ẹyọ náà sì le bí òkúta. Wọ́n ń ṣa èyí tó dára, wọ́n ń tún un gbìn, ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ bàbá, títí ó fi di àgbàdo. Ó tó bí 500 ọdún sẹ́yìn kí àwọn Potogí tó gbé e dé etíkun tiwa. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí ìyá ẹlẹ́kọ jókòó sídìí oúnjẹ àwọn tó kọ́kọ́ mọ àgbàdo, kí n sì gbọ́ ohun tí yóò ti ẹnu wọn jáde láìjẹ́ pé mo ti kó ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Nítorí náà mo pa á mọ́ra.

A kọjá ní Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ láìsí wàhálà. Lẹ́yìn Kábà, kí a tó dé Ọ̀bàjánà, ni bẹ́líìtì ọkọ̀ já. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi dúró sí ẹ̀bá títì. Oṣù keje ni, àgbàdo tútù kún gbogbo ọ̀nà. Obìnrin kan ń sun tirẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń sọ èdè Okun, Màmá sì ń dá a lóhùn ní ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wọn ń wọ ara wọn. Ó fún wọn ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá bó háhá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka aṣọ rẹ̀ bí ẹni ń ka owó, wọ́n ní, “Ìhòòhò ni ọmọ àgbàdo ń wọlẹ̀, ìgbà tó bá ń jáde bọ̀ ló ń di onígba aṣọ.” Ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi níbẹ̀, mo tún gbé e mì.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí a rí omi ní Lọ́kọ́ja. Odò Ọya àti odò Benue pàdé níbẹ̀, àwọ̀ wọn kò sì tètè dà pọ̀. O máa ń rí ilà tó pín wọn. Ibí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe olú-ìlú Àríwá ní 1900. Màmá ṣàdúà títí a fi kọjá lórí afárá. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Zuba, nítorí náà a kò rí àpáta Zuma. Mo yọ ọgọ́rùn-ún náírà kan nínú àpò mi, mo tan iná fóònù sí i, mo fi àwòrán àpáta náà hàn wọ́n lẹ́yìn owó. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ń gba owó yẹn lọ́wọ́ oníbàárà, àwọn kò yí i padà wò rí.

Ẹtì

Ọjọ́ ìsinmi ni. Ẹsẹ̀ Màmá wú díẹ̀ nítorí ìjókòó pípẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹ́. Ní ọ̀sán, a lọ kí Jímọ̀ ní mọ́sálásí ńlá ti orílẹ̀-èdè. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀, Màmá rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n gbé igi ìdáná lé èjìká dípò orí, wọ́n sì yí ọrùn tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi wọ ìgbẹ́. “Orí ni mo fi gbé tèmi,” ni wọ́n sọ, wọ́n fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn.

Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi rán ọmọ wọn àgbà lọ ra masa fún oúnjẹ àárọ̀. Ìrẹsì ni àwọn Hausa fi ń ṣe é: wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó wú, wọ́n á wá dín in nínú agbada oníhò róbótó. Màmá jẹ mẹ́ta pẹ̀lú yájì, wọ́n ní ẹni tó ṣe é mọ bí a ṣe ń dúró de ohun tó ń wú. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ oúnjẹ yìí pamọ́ síbí, masa, torí yóò tún padà wá.

Ọjà Wuse la fi ọjọ́ náà ṣe. Ẹni tó bá mọ Ọjà-Ọba yóò rò pé ó dákẹ́ jù. Ṣọ́ọ̀bù wà ní ìlà-ìlà, títì wà láàárín wọn, àwọn tó ń ti ọmọlanke sì ń rí ọ̀nà kọjá. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan gbígbẹ, Màmá ríran. Ìdí àpò sobo kan ni wọ́n dúró sí, òdòdó pupa dúdú tó gbẹ, tí wọ́n ń fi módù wọ̀n. Wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Ìṣápá ni.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìṣápá funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nílé àti pupa tí àwọn Hausa ń rẹ ṣe sobo, irúgbìn kan náà ni. Ọmọkùnrin tó ń tà á, tó ti rí i pé a kì í ṣe ará ibẹ̀, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Hausa pé ti Kánò ni tòun, láti ọjà Dáwánáù, àti pé àwọn òyìnbó ló ń ra èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀. Mo wá là á fún Màmá pé Mẹ́síkò wà lára àwọn tó ń ra sobo Nàìjíríà jù lọ, láti Kánò, Jigawa, Katsina àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká, tí wọ́n ń kó o sínú kọ̀ǹténà gba orí òkun lọ. Jamaica ni wọ́n ń pe òdòdó náà lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá sì ti rẹ ẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà sí i, ó ti di agua de jamaica.

“Kí ni wọ́n ń fi ṣe?”

“Wọ́n ń mu ún ni, Màmá. Bí àwa náà ṣe ń mu ún.”

Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú. A ra módù kan. Ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, a ra ọ̀fíọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní aya níhìn-ín, Màmá sì ń jẹ ẹ́ wúruwúru títí a fi délé, eyín wọn ṣì le ju tèmi lọ.

Àìkú

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ la dé ilé oúnjẹ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n fi tábìlì pamọ́ fún wa, ó sì ṣe é láǹfààní, torí èrò ti kún ibẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé méjì tó kó ọmọ wá, àwọn òyìnbó bíi mẹ́rin. Wọ́n kun ògiri ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì ta okùn sókè tí wọ́n fi bébà tí wọ́n gé lọ́nà ọ̀nà kọ́ sí i, bí aṣọ tí a ti fi abẹ ṣe léèsì. Ó rẹwà. Orin wọn ló ga jù. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n pé àgbàlagbà wà pẹ̀lú wa, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Kí a tó jókòó dáadáa ni Màmá ti rí ohun kan lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: òkúta gbọọrọ kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ jìn díẹ̀, òkúta róbótó gígùn kan sì dùbúlẹ̀ lé e. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

“Ọlọ. Ọmọ rẹ̀ nìyí.”

Metate ni orúkọ rẹ̀ ní Mẹ́síkò. Tiwa kò ní ẹsẹ̀, ó sì fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni, bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ tì í kò sì yàtọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa mú ìwé oúnjẹ wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ Màmá ni bóyá wọ́n ń se ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní rárá, mà, adìẹ àti màlúù ni àwọn ń lò fún gbogbo rẹ̀, kódà fún taco al pastor, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi sínú àkàrà pẹlẹbẹ, tó jẹ́ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é ní Mẹ́síkò. Ó ṣàlàyé pé irin kan ni wọ́n ń to ẹran náà sí, tí yóò máa yí níwájú iná, tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kígbe pé, “Shawarma!” Kò ṣìnà. Àwọn ará Lebanon tó kó lọ sí Mẹ́síkò ló gbé ọgbọ́n yẹn lọ, àwọn ará Lebanon náà ló gbé shawarma wá bá àwa, ibi tí ó sì ti wọ́pọ̀ tó ní Àbújá báyìí, o lè rí i ní gbogbo orígun títì.

A ní kí wọ́n gbé oríṣiríṣi wá, kí gbogbo wa lè tọ́ ọ wò. Owó rẹ̀ ga, kí n má purọ́. Awo taco mẹ́ta jẹ́ ₦18,000, ohun mímu kan sì jẹ́ ₦5,000. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí Màmá rí ìwé náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun mímu ló kọ́kọ́ dé. Sobo wà níbẹ̀, nínú ife gíga, pẹ̀lú yìnyín àti ọsàn wẹ́wẹ́ gígé. Ó dùn, ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì fi atalẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe tibí. Horchata ni mo mú. Ní Mẹ́síkò, ìrẹsì àti sínámónì, èèpo igi olóòórùn dídùn kan, ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní Spéènì níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wá sí ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀fíọ̀ ni. Ilé oúnjẹ yìí pa méjèèjì pọ̀, ìrẹsì àti ọ̀fíọ̀. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n wò mí, wọn kò sì dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni guacamole dé, nínú odó òkúta kékeré kan. Píà ni, tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé kan tí wọ́n ń pè ní cilantro. Màmá kò fẹ́ràn rẹ̀. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ píà nílé, wọ́n ní ata àti píà kò bá ara wọn tan. Èmi gbádùn rẹ̀ gan-an. Ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dùn jù lójú mi: wọ́n sun tòmátì, àlùbọ́sà àti ata lórí irin gbígbóná títí èèpo fi dúdú, kí wọ́n tó gún un, èéfín náà sì wọ inú rẹ̀ lọ. Tòmátì tí à ń pè yìí, láti ẹnu àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ tó ń sọ èdè Nahuatl ni orúkọ náà ti wá, tomatl. Ata náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní habanero. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé àwo kékeré kan wá: ata rodo ni àwọn ń lò dípò rẹ̀, torí ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Nígbà tí ìyẹn dé ni ara tu gbogbo wa.

Chilaquiles ni oúnjẹ brunch tí ó lókìkí jù nínú tiwọn. Tortilla, ìyẹn àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tó bá ti sùn di ọjọ́ kejì, wọ́n á gé e sí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á dín in, wọ́n á da ọbẹ̀ ata gbígbóná lé e lórí, wọ́n á fi wàrà, ẹyin díndín àti ẹ̀wà dúdú sí i. Díẹ̀ rọ̀, díẹ̀ ṣì ń dún lẹ́nu. Bí o bá jókòó tì í pẹ́, gbogbo rẹ̀ á rọ̀, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ tí a ń yà ní fọ́tò kí a tó jẹ ẹ́. Ohun tó wú Màmá lórí ni pé àjẹkù ni. Wọ́n ní ẹni tó bá mọyì àgbàdo kì í da ti àná nù. Taco tẹ̀ lé e, ó dára, ẹran rẹ̀ rọ̀, ọ̀pẹ òyìnbó gígé wà lórí rẹ̀. N kò ní púpọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Tamal ló mú gbogbo tábìlì dákẹ́.

Mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, wọ́n fi háhá àgbàdo wé wọn, wọ́n fi okùn háhá di ìdí wọn, ooru ń jáde lára wọn. Màmá mú ọ̀kan láìdúró de fọ́ọ̀kì. Wọ́n tú u bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀kọ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé: àtàǹpàkò lábẹ́ etí ewé, kí ewé ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ohun inú rẹ̀ má fọ́. Wọ́n gé díẹ̀ tí kò ní ẹran nínú, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n pa ojú dé.

“Àbàrí ni,” ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Wọ́n tún jẹ. “Rárá. Tútù ni à ń fi ṣe àbàrí. Gbígbẹ ni èyí.” Wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀kẹta. “Kò kan. Wọn kò rẹ ẹ́ títí tó fi kan. Kí ni wọ́n wá fi bó o?”

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á lóye bí ìbéèrè yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Èèpo ara àgbàdo gbígbẹ le. Nílé wa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni Màmá fi ń rẹ ẹ́, omi rẹ̀ á kan, ara rẹ̀ á rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ eèrí kúrò. Ẹni tí kò bá jẹ́ kó kan kò ní rí i bó bẹ́ẹ̀ láé. Lẹ́nu mẹ́ta péré, ìyá mi mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ ọmọbìnrin náà bóyá alásè lè yọjú. Kò pẹ́ tí obìnrin kan jáde wá, aṣọ funfun lọ́rùn, ó ń nu ọwọ́. Ọmọ Makurdi ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kàwé, ó sì gbọ́ Yorùbá. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá tún ìbéèrè wọn bi. Ojú obìnrin náà là. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti ṣílé, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní ìyẹn rí; ibi tí wọ́n ti lè yà fọ́tò ni àwọn èèyàn ń bèèrè.

Ó fa àga kan, ó sì ṣàlàyé. Ẹ̀tù funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní cal ní Mẹ́síkò, òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ni wọ́n ń rí i nínú rẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á da àgbàdo gbígbẹ sí i, wọ́n á sè é, kò sì ju wákàtí kan lọ. Wọ́n á bo ìkòkò títí di ọjọ́ kejì. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, èèpo á máa ṣí kúrò fúnra rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun tútù tó bá jáde níbẹ̀ ni àwọn ń pè ní masa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún kígbe, torí masa ti àná ṣì wà nínú fíríìjì wọn. Ó kàn ṣèèṣì bá ara mu ni, Hausa ni tibí, Sípáníìṣì ni tọ̀hún, ìrẹsì ni èyí, àgbàdo ni ìyẹn. Síbẹ̀ inú mi dùn láti gbọ́ ọ.

“Bíi káún tí a ń fi sí ègbo,” ni Màmá sọ.

Alásè náà pàtẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, káún àti cal kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń mú èèpo rọ̀ jọra. Àwọn méjèèjì wá gbàgbé wa. Màmá bèèrè irú àgbàdo tó ń lò, funfun tàbí pupa; funfun ni, láti Kaduna. Màmá bèèrè bó ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó. Ó ní òun máa ń fi èékánná kan ẹyọ kan fọ́ ọ wò. Màmá ní eyín ni àwọn ń lò.

Mo mọ ohun kan kún èyí, mo sì sọ ọ́ níbẹ̀. Cal yìí kì í ṣe fún bíbó nìkan. Fítámì kan wà nínú àgbàdo, niacin, tí ara ènìyàn kì í rí gbà dáadáa àfi bí wọ́n bá sè é lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àgbàdo kúrò ní Mẹ́síkò dé ilẹ̀ mìíràn, àwọn èèyàn gba irúgbìn, wọn kò gba ọgbọ́n tó bá a rìn. Ní Yúróòpù, àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn tálákà tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn pellagra: awọ ara wọn ń bó, orí wọn ń dàrú, wọ́n ń kú. Àkóràn ni ọ̀pọ̀ rò pé ó jẹ́. Dókítà Joseph Goldberger tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 1914 ló fi hàn pé àìjẹ oúnjẹ gidi ló fà á.

“Àwa ń kọ́?” ni Màmá bi mí, ojú wọn ti yí padà. Ọdún 36 ni wọ́n fi bọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ.

Mo ní, “Kí ni ẹ máa ń tà mọ́ ẹ̀kọ, Màmá?”

“Àkàrà. Mọ́ín-mọ́ín.”

“Ẹ̀wà ni méjèèjì. Ohun tí kò sí lára àgbàdo wà lára ẹ̀wà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá tú àṣírí tí mo ti gbé láti Ìbàdàn: pé àwọn tó ni tamal yìí ló ni àgbàdo, pé kò sí lọ́dọ̀ wa rí kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé. Mo rò pé wọ́n á jiyàn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ tún háhá inú àwo wọn ṣe, wọ́n ká a bí ẹni ń ká aṣọ.

“Ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ wa?”

N kò rí èsì fọ̀. Alásè náà ló dáhùn. Ó fi ìka tọ́ka sí ife sobo iwájú wọn, ó ní, “Màmá, àwọn náà ń mu ìṣápá yín.” Màmá wo ife náà, wọ́n gbé e, wọ́n mu ún tán, yìnyín nìkan ló kù.

Wọ́n gbé churros, ìyẹ̀fun díndín gbọọrọ, wá lẹ́yìn náà pẹ̀lú ṣokoléètì yíyọ́. Ṣúgà pọ̀ jù fún mi, àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́. Ní 2010 ni UNESCO kọ ọ̀nà oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sínú ìwé àwọn ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, àgbàdo àti cal rẹ̀ sì wà láàárín gbùngbùn ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Bí mo ṣe ń wo ìyá mi àti obìnrin yẹn tí wọ́n forí korí, tí ọ̀kan ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí asẹ́ ṣe ń mì, mo ń ronú ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní Ọjà-Ọba, Ọjẹ́, Bẹẹrẹ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Èmi fúnra mi, tí wọ́n fi ẹ̀kọ rán níléèwé, ọjọ́ Àìkú yìí ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé eyín ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àgbàdo ti rẹ tó. Mo ti máa ń rí i. N kò bèèrè rí.

Ajé

Ìdájí la gbéra. Alásè náà ti di cal díẹ̀ sínú ọ̀rá fún Màmá lánàá, ó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí bébà: ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan sí ife àgbàdo méjì, kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ sí ojú, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Màmá so ó mọ́ etí ìró.

Ojú ọjọ́ mọ́ nígbà tí a kọjá ní Zuba, a rí àpáta Zuma lókèèrè lápá ọ̀tún, ìkùukùu wé e lórí. Kí a tó dé Lọ́kọ́ja, wọ́n ti ka bébà náà sí mi létí ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé wọ́n ní kí n kà á, kí àwọn lè tún un sọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi ewé eéran wé e dípò háhá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò irin tàbí ti amọ̀ ló dára jù. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi.

“Padà lọ sọ fún ọmọ yẹn,” ni wọ́n wí, “tí mo bá tún ń bọ̀, mo máa di ewé eéran bọ̀ fún un. Kó máa fi wé e. Á gbádùn òórùn rẹ̀.”